Yìnyín Màámi, Yìnyín Àjàní

Màámi kò tíì rí ẹja kan tó wà láàyè nínú yìnyín rí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ta òkú èkó ní Ọjà Ọba, níhìn-ín ní Àkúrẹ́, kò jìnnà sí ààfin Déjì, gbogbo ẹja tó sì ti gba ọwọ́ wọn kọjá ló ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn: títọ́ọ̀sì, kòtè, ṣáwà, pánlá. Ẹja a gan bí igi nínú páálí, ojú rẹ̀ a là sílẹ̀ kalẹ̀, yìnyín a lẹ̀ mọ́ ọn lára débi pé àfi kí màámi gbé páálí náà sókè kí wọ́n là á mọ́lẹ̀ kó tó tú. Ìró yẹn, gbàà lórí símẹ́ǹtì, ni ìró òwúrọ̀ ìgbà èwe mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Èrèlé, àbúrò mi pè wá lórí fídíò láti orílẹ̀-èdè Fínlándì. Ó ní orí adágún tó ti di yìnyín lòun jókòó sí, òun ń pẹja. Ohun tí màámi kọ́kọ́ bi í ni pé: "Àjàní, òkú ẹja lò ń pa ni?"

Mo wà ní ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Sátidé ni mo máa ń bá màámi ṣe ìṣirò ọjà, torí láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe, físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Iná ti lọ láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀. A tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí méjì láàárọ̀, a sì pa á, nítorí owó epo ti fẹ́ jẹ èrè orí ẹja tán. Ohun tó kù ni ọgbọ́n àtijọ́ tí màámi máa ń dá. Wọ́n kó bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àti àpò ìrẹsì mẹ́rin bo fìrísà mọ́lẹ̀ bí ẹni bo aláìsàn, wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i àfi bí oníbàárà bá ti kówó sílẹ̀. Ní òdìkejì wa, Ìyá Ìlàjẹ jókòó ti apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ wọn. Igbókọ̀dá ni wọ́n ti wá. Apẹja ni ọkọ wọn tó ti dolóògbé, àwọn fúnra wọn sì mọ àjẹ̀ wà dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Àjàní ń pẹja, wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n wá jókòó tì wá.

Ojú fóònù funfun báláú. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá sá láfún sórí àpáta lójú ọ̀nà Ìdànrè, àfi pé láfún tiwọn yìí kò lópin, ó lọ títí ó fi kan ojú ọ̀run. Àjàní wà láàárín rẹ̀, ó wọ aṣọ lé aṣọ títí ó fi rí roboto, ojú àti imú nìkan ló hàn. Ó ní Päijänne ni orúkọ adágún náà, nítòsí ìlú Jyväskylä tó ń gbé, pé òun ni adágún tó jìn jù lọ ní gbogbo Fínlándì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà: ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ lé ní 95 mítà. Orílẹ̀-èdè náà ní adágún tó lé ní 180,000. Ìyá Ìlàjẹ ní, "Kí ni wọ́n wá ń fi ilẹ̀ ṣe?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà gan-an, yìnyín. Láyé àwọn bàbá wa, láti òkè ló ti ń wá. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń gbé e bọ̀, ó ń lu páànù, àwọn ọmọdé ń sá jáde lọ ṣà á jẹ kó tó yọ́. Òun nìkan la mọ̀. Nígbà tí fìrísà dé, a gbé orúkọ ohun tó ń já bọ́ láti ọ̀run fún ohun tó ń jáde látinú àpótí. Ọyẹ́ wa, bó ti wù kó le tó, ètè ló ń bẹ́, kò sọ omi inú ìkòkò ẹnikẹ́ni di òkúta rí. Nítorí náà nígbà tí Àjàní sọ pé òun wà lórí yìnyín, ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sórí páànù, ó tún lọ sínú fìrísà, kò mọ ibi tí ì bá jókòó sí.

Ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wá. Ó gbé irin kan tó lọ́ bí ìwo àgbò, ó gbé e nàró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Màámi ní, "Bọ́ọ̀hólù ló ń gbẹ́!" Irú ẹ̀ náà ni lóòótọ́. Yìnyín tó lọ̀ ń rọ́ jáde létí ihò bí gàrí, nígbà tó sì ya, omi ru sókè, dúdú kirikiri. Ihò náà kò fẹ̀ ju ẹnu abọ́ ọbẹ̀ lọ. Ó wọn yìnyín náà fún wa: 38 sẹ̀ntímítà. Lẹ́yìn náà ló mú ṣíbí oníhò kan, irú èyí tí oníàkàrà fi ń kó àkàrà kúrò nínú epo, ó fi ń ré yìnyín wẹ́wẹ́ tó ń léfòó kúrò lójú ihò, nítorí bí kò bá ré e, ojú ihò yóò tún dì padà.

Ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ ló pa wá lẹ́rìn-ín. Ọ̀pá ọ̀hún kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́ sí ìka. Ìyá Ìlàjẹ ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ fi ọ̀pá gígùn ṣe nígbà tí ihò wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì? Okùn tín-ín-rín ló so mọ́ ọn, ní ìdí okùn ni irin kékeré kan tó ń dán wà pẹ̀lú ìwọ̀ tó fi ìdin há lẹ́nu. Yóò jẹ́ kí ó lọ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, yóò fà á sókè díẹ̀, yóò wá máa mì ín jẹ́jẹ́, á dúró, á tún mì ín. Bí ìṣẹ́jú mélòó kan bá kọjá tí nǹkan kan kò mú un, á dìde lọ gbẹ́ ihò mìíràn. Perch ni ẹja tó ń wá, ẹja tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́. Bí o bá bá wọn pàdé, wàá pa mẹ́wàá níbi kan náà. Bí o kò bá bá wọn pàdé, o lè jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ilẹ̀ tó ṣú ni òpin iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ojú ni ẹja yìí fi ń ṣọdẹ. Lójú òkùnkùn, kì í jẹun.

Mo bi í léèrè ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Ọmọ tí kò lè fi omi tútù wẹ̀ lóṣù Ọ̀pẹ! Ó ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tóun lò níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọjá tí ẹnikẹ́ni kò kí òun ní "ẹ káàárọ̀." Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra òun, bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn. Bàbá arúgbó kan ládùúgbò ló fọwọ́ pè é ní Sátidé kan, ó fún un ní àpótí ìjókòó àti ọ̀pá ìwọ̀ kan, wọ́n jọ lọ. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n lò, gbólóhùn tí wọ́n sọ kò tó ogún. Màámi ní, "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń bá ara wọn jà?" Ó ní rárá o, pé ọjọ́ náà gan-an lòun kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ní èèyàn níbẹ̀. Ó tún ní ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pá ìwọ̀ kan ṣoṣo pẹja lójú yìnyín lọ́nà báyìí, kò ní gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba, kò sì ní san kọ́bọ̀ kankan, àfi ní àwọn ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dìídì kà léèwọ̀. Àwọn ìyá tó wà láyìíká wa, tí àwọn agbowó-ìwé ti yọ lẹ́nu láti àárọ̀, mí kanlẹ̀.

Fóònù kú lẹ́nu ọ̀rọ̀ yẹn. Òtútù máa ń pa bátìrì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ti fi sí àyà kó móoru, ó tún pè. Màámi kí i bí a ti ń kíra wa: "Ẹja ń bákàn?"

"Ẹja ni, màámi!"

Ó gbé e sókè. Ẹja náà kò tóbi, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lẹ́wà. Ara rẹ̀ pọ́n bí ewé tó ti fẹ́ rẹ̀, àmì dúdú ṣú ú lára láti ẹ̀yìn wá sí ikùn. Lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó ní ẹ̀gún bí òòyà, àwọn lẹ́bẹ́ abẹ́ rẹ̀ sì pupa bí osùn. Màámi ní, "Ẹja yìí kọlà!" Ìyá Ìlàjẹ ní kì í ṣe ilà Oǹdó o, ẹyọ kan ṣoṣo nilà Oǹdó. Àjàní ní òun ni àwọn ará Fínlándì mú ṣe ẹja orílẹ̀-èdè wọn. Ẹja náà mi ìrù. Ó là ẹnu, ó pa á dé.

Màámi dákẹ́. Wọ́n sún mọ́ fóònù. Wọ́n ní, "Ó ń mí."

Ìgbà náà ni wọ́n yíjú sí mi, wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí ọmọ ilé-ìwé kankan kò bi mí rí. "Tíṣà, kí ló dé tí yìnyín kò fi bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ odò? Ohun tó bá tutù, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ìsàlẹ̀ fìrísà mi ló máa ń kọ́kọ́ le. Ó yẹ kí odò yẹn ti dì láti ìdí wá sókè, kó fún gbogbo ẹja pa."

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìdáhùn ìbéèrè yìí láìmọ̀ pé ìbéèrè ni. Mo mọ̀ ọ́n lórí bí Àdúrà Olúwa. Omi tó ń tutù ń sún kì, ó ń wúwo sí i, títí yóò fi dé 4°C. Bó bá rékọjá ibẹ̀, ó yí ìwà padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, ó ń fúyẹ́. Ní 0°C tó di yìnyín, ó tún fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ìgò omi fi ń bẹ́ nínú fìrísà, tí yìnyín sì fi ń léfòó. Mo ń kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ ń dà á kọ, WAEC ń bi wọ́n, wọ́n ń dá a lóhùn, a ń lọ sórí ohun tó kàn. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé wa tó sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú omi. Mo máa ń kà á kọjá ni. Kò sí ẹja kankan nínú gbólóhùn náà.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún màámi? Mo ní kí wọ́n wo omi bí èrò inú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí òtútù bá ń mú wọn, wọ́n ń sún mọ́ra, àyè tí wọ́n gbà ń kéré sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe oore-ọ̀fẹ́, tí wọ́n ní kí oníkálùkù di ọwọ́ ẹnìkejì mú, ńṣe ni wọ́n ń na apá, ìlà ń gùn, ìjókòó kì í gbà wọ́n mọ́. Omi tó fẹ́ dì ti ń na apá. Àyè ti ń wà láàárín rẹ̀, ó ti fúyẹ́, òkè ló ń lọ. Nítorí náà orí ló ti ń dì, omi tó wúwo tí kò tutù tó bẹ́ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ẹja ń gbé. Màámi ronú sí i. Wọ́n ní, "Yìnyín ni òrùlé wọn, nígbà náà."

Ǹ bá ti fi gbólóhùn yẹn kọ́ SS2 láti ọdún kẹrìnlá sẹ́yìn.

Àjàní, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ní òun ní tẹmómítà oníwáyà nínú àpò. Ó jù ú sínú ihò. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lábẹ́ yìnyín, ó kà 0.3. Ó ń tú wáyà náà lọ, nọ́ńbà ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó dé ìsàlẹ̀ ní mítà mẹ́rìnlá, ó dúró sórí 2.6. Mo pariwo. Ìyá Ìlàjẹ rò pé ẹja ńlá ni. Kò tó 4 bí ìwé ti wí, ìyẹn gan-an ló sì dùn mọ́ mi jù. Adágún ńlá bí èyí, afẹ́fẹ́ ti rú u láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó dì, gbogbo rẹ̀ ti tutù kọjá 4 kí yìnyín tó pa á dé. Nǹkan tí ìwé fà bí ìlà tààrà, adágún ti fi afẹ́fẹ́ kọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ móoru ju òkè lọ. Mo fi ojú ara mi rí i, nínú ìsọ̀ òkú èkó, pẹ̀lú òógùn lọ́rùn mi.

Ìyá Ìlàjẹ ni wọ́n wá sọ ohun tí èmi kò ní rò láéláé. Wọ́n ní bó bá jẹ́ àrọ̀ ló wà lábẹ́ òrùlé yẹn, òrùlé náà ni yóò pa á, nítorí àrọ̀ máa ń yọ imú gba afẹ́fẹ́. Òtítọ́ ni. Òun ló ń jẹ́ kí àrọ̀ wà láàyè nínú ike nínú ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lú omi tí kò bo ẹ̀yìn rẹ̀. Inú omi nìkan ni perch àti trout, ẹja mìíràn tó ń gbé adágún náà, ti ń rí èémí tiwọn gbà, bí yìnyín bá sì ti pa ojú omi dé, kò sí tuntun tí yóò wọlé láti òkè. Èyí tó ti wà nínú omi ni gbogbo wọn yóò máa pín títí yìnyín yóò fi yọ́. Adágún tí kò jìn, tí yìnyín òun òjò-dídì bo ojú rẹ̀ pẹ́, èémí máa ń tán níbẹ̀, ẹja a sì kú lọ súà. Ohun tó fẹ́ gbà wọ́n ni òtútù fúnra rẹ̀. Omi tútù ń gba èémí sínú ju omi gbígbóná lọ, ara ẹja tó tutù kì í sì béèrè ohun púpọ̀: kì í jẹun púpọ̀, kì í sáré, bó bá gbé ìdin mì, ó rọra gbé e ni. Àjàní ní ó yẹ kí èèyàn mọ ìwúwo mímí ara rẹ̀ kó tó lè mọ ìgbà tí perch fọwọ́ kan okùn. Ìyá Ìlàjẹ mi orí. Ọkọ wọn, wọ́n ní, máa ń mọ̀ láti inú okùn ìgèrè bóyá àkàn ló wọlé tàbí ẹja.

Trout dé nígbà tí a kò retí rẹ̀ mọ́. Okùn ṣàdédé lọ, ọ̀pá kékeré náà tẹ̀ wálẹ̀, Àjàní da fóònù sílẹ̀, ojú ọ̀run nìkan là ń wò, à ń gbọ́ bó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó gbé fóònù, ẹja náà wà ní ìtẹ́lẹ̀ funfun: fàdákà, tó-tò-tó dúdú lára, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́. Màámi ti fi ojú wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti pe iye rẹ̀. Wọ́n tún ti pín in sí ọ̀nà mẹ́rin nínú ọbẹ̀.

Àjàní yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò nítòsí ìrù. Lẹ́bẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀, ọlọ́ràá, tí kò tóbi ju èékánná lọ. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó yọ ìwọ̀ náà jẹ́jẹ́, ó kọ orí ẹja sí ojú ihò, ó sì jẹ́ kó lọ.

Ariwo tí màámi pa, oníṣòwò aṣọ tó wà ní ìlà kejì sáré wá.

"Ó ti dá a padà sómi! Àjàní, kí lo wá lọ ṣe nínú òtútù?"

Ó ṣàlàyé. Trout abínibí ti ń tán lọ nínú omi wọn, nítorí àwọn ìsédò iná mànàmáná ti dí ọ̀nà tí ẹja náà ń gbà lọ yé ẹyin, ìpẹja àpajù sì fi kún un. Èyí tí wọ́n sìn ní ibi ìsìnja kí wọ́n tó tú u sómi, wọ́n máa ń gé lẹ́bẹ́ kékeré yẹn kúrò. Èyí tó bá ṣì ní i, ọmọ odò gan-an ni, òfin sì ni pé nínú adágún àti odò gúúsù orílẹ̀-èdè náà, wọn kò gbọdọ̀ pa á. Màámi kò gbà. Ìyá Ìlàjẹ gbà. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹja tí àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ń kó lọ́dọ̀ àwọn ni wọ́n ń dá padà bẹ́ẹ̀, àwọn kì bá máa wá ẹja kiri lónìí. Èmi kò dá sí i. Ẹni tó bá ti gbé lábẹ́ òrùlé màámi mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Ọ̀sán ń lọ. Lójijì ni ìró kan dún lára fóònù, gbùnùnù, ó gùn, bí ìgbà tí wọ́n fa irin lórí irin nísàlẹ̀ ilẹ̀. Àya wa já. Àjàní ń rẹ́rìn-ín. Ó ní yìnyín ló ń sọ̀rọ̀. Bí òtútù bá ń pọ̀ tàbí tó ń dín, ó ń sún kì, ó ń fẹ̀, ó ń là, kì í ṣe pé ó fẹ́ já. Ó fi irin méjì tó gbé kọ́ ọrùn hàn wá, tí ẹnu wọn mú ṣóńṣó: bí yìnyín bá já lábẹ́ èèyàn, òun ni yóò fi gún ojú yìnyín láti fa ara rẹ̀ jáde. Kàkà kí èyí fi màámi lọ́kàn balẹ̀, ńṣe ni wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Àwọ̀ wo ni yìnyín ọ̀hún?"

Ó ní níbi tóun wà, ó mọ́ lórí, ó dúdú nísàlẹ̀. Lọ́hùn-ún, ó funfun.

"Èyí tó mọ́ ló le. Èyí tó funfun, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, kì í pẹ́ yọ́. Ta ló lè tan mí lórí yìnyín?"

Ohun tí àwọn ará Fínlándì ń kọ́ ọmọ wọn gan-an nìyẹn. Yìnyín dúdú mímọ́ gaara ló lágbára, funfun tó ti inú òjò-dídì wá kò ní ju nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ lọ, ti ìgbà ìrúwé sì burú jù, ó lè nípọn kó má gbé èèyàn. Àìmọye áìsì bùlọ́ọ̀kù ni màámi ti rà ní ìgbésí ayé wọn, wọ́n ti da èyí tó funfun ní àárín padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ọjà Ọba ni wọ́n ti kọ́ ohun tí adágún ń kọ́ àwọn mìíràn.

Mo wá sọ pé òjò-dídì tó ṣù bo orí yìnyín lọ́hùn-ún, tó funfun fẹ́mú yẹn, ṣé kì í ṣe òun ni yóò jẹ́ kí yìnyín abẹ́ rẹ̀ tutù sí i, kó nípọn sí i? Èmi, olùkọ́ físíìsì. Màámi wò mí. Wọ́n wo fìrísà, tí bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àti àpò ìrẹsì mẹ́rin wà lórí rẹ̀. Wọ́n tún wò mí.

"Kí ni mo fi bo fìrísà?"

"Bùláńkẹ́ẹ̀tì."

"Ṣé bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ń mú un tutù?"

Rárá. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kò ní òtútù, kò ní ooru. Kò kàn jẹ́ kí ohun tó wà níta wọlé ni. Nínú ìsọ̀, ooru Àkúrẹ́ ló ń dá dúró síta. Lórí adágún, òtútù ló ń dá dúró lókè, kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ omi, yìnyín tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì lè nípọn bí ti ibi tó wà ní ìhòòhò. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, màámi ti gbé fóònù sún mọ́ ẹnu.

"Àjàní, ṣó o gbọ́ mi? Ibi tí yìnyín bá ti da aṣọ bora, má tẹ̀ ẹ́. Gba ibi tó wà ní ìhòòhò."

"Mo gbọ́, màámi."

Oníbàárà kan dé, ó béèrè kòtè kílò méjì. Màámi dá fóònù padà fún mi, wọ́n gba owó, wọ́n kà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká àpò ìrẹsì náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.